Òfin Mẹ́nukúrò Nínú Ilé Bàbá Olóoru

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ kò tíì gbéyàwó nígbà tó gbé òfin mẹ́nukúrò kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dárí jì í. Ẹni tó bá ti gbéyàwó kò ní sọ fún tọkọtaya tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan pé kí wọ́n má ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí òun bá dá. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni kí àwa méjèèjì ṣe, èmi nínú ọ́fíìsì tèmi, ọkọ mi nínú ọ́fíìsì tiẹ̀, kí ẹnì kankan má yọjú wo ti ẹnì kejì, kí a má sì mẹ́nu bà á nílé, títí a ó fi gbé ìdáhùn méjèèjì sí ojú kan náà níwájú gbogbo èèyàn.

"Kí ẹnì kan má baà fa ẹnì kejì lọ síbi tó ń lọ ni, Mà," ló wí.

Mo ní, "Ọ̀gá, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yìí, ibo ló kù tí kò tíì fà mí dé?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí òfin rẹ̀ padà. Ọkọ mi ló kọ́ ọ níṣẹ́, ọkọ mi ló sì kọ́ ọ ní agídí pẹ̀lú, nítorí náà mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ máa gbọ́ tí mò ń pe ọkọ mi ní "ó" nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí nílé ìwé, mo sì fi máàkì jù ú nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí a jọ ṣe. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí bí àgbà ò bá bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọmọdé á kọ́ ọ. Tó bá ku àwa méjì, "o" ni. Ó ń pè mí ní Ìyá Ìbejì, èmi náà ń pè é ní Bàbá Ìbejì. Àwọn tó kù níbi iṣẹ́ ń pè é ní Bàbá Olóoru, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro ṣàlàyé tó bí àwọn tó ń ṣe é ṣe máa ń díbọ́n. Nínú ohun gbogbo ni átọ́ọ̀mù wà, inú átọ́ọ̀mù sì ni kókó kan wà tó kéré gidigidi, síbẹ̀ òun ló kó gbogbo ìwúwo sára. Ẹ̀rọ gígùn kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ wa tó ń ti irú kókó bẹ́ẹ̀ sáré. A ó wá fi góòlù tí a ti lù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí i lọ́nà, kí ó lè lọ kọ lu kókó góòlù tó wúwo jù ú lọ. Àwọn kan rò pé ńṣe ni wọ́n máa ń fọ́ yángá. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ kanra, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra fún ìgbà díẹ̀ tí ìṣẹ́jú àáyá gan-an jẹ́ ọjọ́ ayérayé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ yí po, wọ́n á gba díẹ̀ nínú ohun tó wà lára ara wọn, wọ́n á sì tún pínyà. Kálukú á bá tiẹ̀ lọ, àmọ́ eré tí wọ́n bá wá kọ́ ni wọ́n máa ń bá lọ. Eré ti dín kù. Ibo ló lọ? Ó ti di ooru nínú wọn. Ooru yẹn ló ń mú kí wọ́n máa ju nútírọ́ọ̀nù, èérún kéékèèké inú wọn, dànù bí wọ́n ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń làágùn, títí ara wọn á fi tutù. A ó wá wọn ìwúwo kálukú lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fúyẹ́ jù lọ sí bó ṣe yẹ kó rí, òun ni ooru pọ̀ lára rẹ̀ jù.

Ìbéèrè tí ọkọ mi fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bi ni èyí: bí ńlá àti kékeré bá fara kanra, báwo ni wọ́n ṣe ń pín ooru náà? Àwọn tó pọ̀ jù ní bí ara ṣe tóbi sí ni, kí ńlá gbé púpọ̀, kí kékeré gbé díẹ̀. Ọkọ mi ní rárá o. Ó ní tí ìfarakanra yẹn kò bá pẹ́, ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń pín in, tí kékeré á wá gbé ẹrù tó ju ti ara rẹ̀ lọ. Ó ń sọ ọ́ nígbà tí irun rẹ̀ dúdú, ó ń sọ ọ́ nígbà tó di ewú, ó sì sọ ọ́ di ìjà pẹ̀lú àwọn èèyàn tí wọ́n tún jọ ń jẹun lẹ́yìn ìjà. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Èmi nìkan ló bá a gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè búra pé ẹ̀rí ló mú kí n gbà á. Ẹnu rẹ̀ dùn nígbà náà, ojú rẹ̀ náà sì fani mọ́ra.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ náà ti gbó, wọ́n fẹ́ tì í pa. Ọdún kan náà ni ọkọ mi máa fẹ̀yìntì. Ọ̀gá wa bá ní kí a fi iṣẹ́ ìkẹyìn ẹ̀rọ náà dáhùn ìbéèrè Bàbá Olóoru, kí wọ́n lè fi ìdáhùn sí i lọ́wọ́ kó tó lọ sílé. Inú rere ni. Torí pé gbogbo ayé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ ọkọ mi lọ́kàn ló fi ní kí èèyàn méjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní baba ló fọwọ́ tì í. Àwa méjèèjì la sì mọ iṣẹ́ náà jù.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló ń da ọkàn mi láàmú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan.

Ó gbé kẹ́tùlù kaná láìbu omi sí i, ó sì dúró tì í, ó ń dúró kí ó hó. Mo rí i láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣíbí ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sílé, ó wá bi mí pé ta ló gbé ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Nígbà tó wọlé lọ, mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá tiẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo wà níbẹ̀. Kí bàbá náà tó kú, ó ti ń kí ọkọ mi bí ẹni ń kí àlejò, á ní kó jókòó, á bi í pé ọmọ ta ni.

Mo pe ọmọbìnrin wa lórí fóònù, èyí tó jẹ́ dókítà nínú àwọn ìbejì.

"Mọ́mì, ẹ mú Dádì wá kí n yẹ̀ wọ́n wò," ló wí.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò."

"Bàbá yín tó ń wọn ooru inú kókó átọ́ọ̀mù, òun ni mo fẹ́ purọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru fún?"

Ọmọ náà ní, "Ó dáa, ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kí iṣẹ́ yìí parí ná, kó fẹ̀yìntì ná. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bó bá ti ilẹ̀kùn, màá lọ fọwọ́ kàn án bóyá ó tì í. Bó bá pa gáàsì, màá lọ wò ó. Bó bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, màá tọ́ ọ wò kí n tó gbé e kalẹ̀. Mo di ẹ̀ṣọ́ nínú ilé ara mi, ẹni tí mò ń ṣọ́ kò sì mọ̀.

Orí èyí ni òfin mẹ́nukúrò wá bá wa. Ẹ wo àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti fi kókó átọ́ọ̀mù jẹ oúnjẹ alẹ́ láti ìgbà èwe wọn, tí a wá ní kí wọ́n dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, a wo ara wa lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ kankan.

"Kọ́tìnnì yẹn ti ṣá," ọkọ mi wí nígbà tó yá.

"Ó ti pẹ́ tó ti ṣá."

"Kí ló dé tí mi ò rí i?"

"Iṣẹ́ lo máa ń rí."

Ó wo kọ́tìnnì náà dáadáa. Ó ní, "Ta ló ra aláwọ̀ yẹn?"

"Ìwọ ni."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A sọ̀rọ̀ kọ́tìnnì, a sọ̀rọ̀ ajá ará ilé kejì tó ń gbó òjò, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa títí etí wọn á fi máa hó ní ibi tí wọ́n wà. Nígbà míì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ á yọ sí i lẹ́nu, á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o kíyè sí i pé àwo kẹta inú ẹ̀rọ yẹn," màá gbé ìka sókè, màá ní, "Mẹ́nukúrò." Á fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ṣúgà. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ṣì lè pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Tí a bá wà nínú ọkọ̀, á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti ń jókòó lẹ́yìn. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún ń bà mí lẹ́rù. Mò ń rò ó pé bóyá ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó tètè fẹ́ràn mi kí ó tó gbàgbé ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ èènì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Àwọn àwo tó ń gba àwọn kókó yìí ní àléébù kan tí gbogbo wa mọ̀. Bí ohun tó fúyẹ́ bá bà á, iye agbára tó gbé wá gẹ́lẹ́ ni àwo á sọ. Bí ohun tó wúwo bá bà á, àwo á sọ iye tó dín, bí ìyá arúgbó tó ń gbàgbé díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rán an. Bí ó bá ṣe wúwo sí ni ohun tó ń dín ṣe ń pọ̀ sí. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ bá a fi díẹ̀ kún un kí ó tó pé. Èènì là ń pè é níbi iṣẹ́ wa. Kò sí ẹni tó wọlé tí a kì í kọ́kọ́ sọ fún pé, má gbàgbé èènì. Agbára yìí la fi ń ṣírò ìwúwo, nítorí náà bí o bá gbàgbé èènì, kókó ńlá á fúyẹ́ lójú rẹ ju bó ṣe rí lọ, wàá rò pé ó ti làágùn púpọ̀, wàá wá kéde pé òun ló gba ooru jù.

Ọkọ mi ló kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ka ohun tí àwọn àwo bá sọ, àwa méjèèjì la sì ń lò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkẹyìn yẹn, ó tún ètò náà ṣe, ó ní òun á fi èènì tuntun sí i nítorí àwọn àwo tuntun tí a rà. Nígbà tí mo wá jókòó ti iṣẹ́ tèmi, mo ṣí ètò náà, mo wo ìparí rẹ̀ níbi tí èènì máa ń wà. Ibẹ̀ ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó fẹsẹ̀ rìn wálé gan-an ni ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìyàwó wo ni kò lè bi ọkọ rẹ̀ pé, ṣé o fi iyọ̀ sí i? Èmi ni. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá a níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ètò yẹn." Ó gbé ìka sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mẹ́nukúrò." Mo padà sẹ́yìn. Mo lè lọ bá ọ̀gá wa, òfin kò ní kí n má bi òun. Àmọ́ bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà á mọ̀ pé Bàbá Olóoru ti ń gbàgbé èènì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Mi ò lè fi ẹnu ara mi tú ọkọ mi síta ní oṣù tó ń fẹ̀yìntì. Mo fi èènì sí i fúnra mi, nínú ẹ̀dà tèmi, bí mo ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo parí ìṣirò mi, ìdajì-ìdajì ló jáde.

Mo ṣí wíńdò. Mo padà wá jókòó, mo tún un wò, kò yí padà. Ohun tí ọkùnrin yìí ti ń sọ láti ìgbà tí irun rẹ̀ dúdú, òun ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò yẹ nǹkan kan wò mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí apá kejì rẹ̀. Bí kò bá fi èènì sínú ètò, tiẹ̀ máa yàtọ̀ sí tèmi. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, wọ́n á sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé ó gbàgbé ohun tí a ń kọ́ ọmọ tó wọlé láàárọ̀. Á jàre, á sì mọ̀ lọ́jọ́ kan náà pé ọpọlọ òun ń lọ. Mo wá ń wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ojú ọkọ mi lákòókò yẹn, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó kàn ń fọ abọ́ ni.

Ọjọ́ ìṣí pé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni, nínú yàrá ìpàdé tó ní tábìlì gígùn kan àti àwọn àga tí fóòmù ti ń yọ lára wọn. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù ń kùn nísàlẹ̀ wa bó ṣe máa ń ṣe. Gbogbo àwọn ará ibi iṣẹ́ ló wá, àwọn tó ń tún wáyà ṣe náà wá, torí pé wọ́n fẹ́ràn Bàbá Olóoru. Ọ̀gá wa ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé àwòrán méjèèjì sójú ògiri, tèmi lókè, ti ọkọ mi nísàlẹ̀.

Tèmi ní ìdajì-ìdajì. Ti ọkọ mi ní bí ara ṣe tóbi sí ni.

Ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀gá wa súnmọ́ ògiri, ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì, mo sì mọ ohun tó máa sọ kó tó sọ ọ́. Àlàfo náà tó èènì gẹ́lẹ́.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ó jọ pé ẹ gbàgbé èènì, sà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ti Mà ló tọ̀nà, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ló jẹ́ òótọ́."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo wo ọkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Bó bá gbàgbé, àbá rẹ̀ jàre, ọpọlọ rẹ̀ ló ń lọ. Bí kò bá gbàgbé, èmi ni mo ṣìṣe, àbá rẹ̀ sì ti wó, iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé. Mo jókòó sórí àga tí fóòmù ń yọ lára rẹ̀ yẹn, mo sì gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ọkọ mi jẹ̀bi. Mi ò tíì gbàdúrà kíkankíkan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo bí ìbejì.

Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dẹ́kun àtẹ́wọ́. Ó dìde. Kò yára, kò sì wá ọ̀rọ̀ tì.

"Mi ò gbàgbé o," ó ní. "Mo gbé e kúrò ní ìparí ètò ni, mo fi sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn àwo bí wọ́n á ṣe máa sọ̀rọ̀. Àwọn àwo tuntun yìí kò dọ́gba, kálukú ló ní èènì tiẹ̀. Ẹ ṣí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i níbẹ̀."

Ọ̀gá wa ṣí i. Ó wà níbẹ̀, àwo kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èènì tiẹ̀, létòlétò bí ìkòkò tí a tò sórí pẹpẹ.

"Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì," ọkọ mi tẹ̀ síwájú, "ẹ wo àwọn kókó tó kàn kọjá lọ́nà jíjìn, tí wọn ò fara kanra. Wọn ò pàdánù nǹkan kan sínú ooru. Agbára tó yẹ kí wọ́n ní kò lè fara sin, ẹ̀rọ ló fún wọn, a sì mọ iye tó fún wọn."

Wọ́n wò ó. Nínú tiẹ̀, iye náà pé, kò lé, kò dín. Nínú tèmi, àwọn kókó ń jáde pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí wọ́n bá wọlé lọ.

Ọkọ mi kọjú sí mi. Mo rí ẹ̀rín tó ń gbìyànjú láti sá fún ojú rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, bó bá jẹ́ pé òótọ́ lèyí, kí wọ́n má ti ẹ̀rọ yìí pa mọ́. Kí wọ́n gbé e fún àwọn oníná, iná kò ní lọ mọ́ láyé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo fi èènì sí i," ó ní. "Ìwọ tí o kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló dé?"

Mi ò rí irọ́ kankan pa. Mo ní, "Mo rò pé ẹ gbàgbé."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó wò mí pẹ́, mo sì rí i tí gbogbo ẹ̀ ń wọlé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn tí mò ń lọ fọwọ́ kàn, gáàsì, ọbẹ̀ tí mò ń tọ́ wò, fóònù tí mò ń pè ní bòókẹ́lẹ́. Ó mi orí díẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn tó kù.

"Ó dáa," ó ní. "Bí ara ṣe tóbi sí ni wọ́n ń pín ooru. Àwọn tó ń bá mi jà ló jàre, èmi ni mo jẹ̀bi, àwo tèmi àti ètò tèmi ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá wa dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀. Èmi dìde, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹkún mi má baà ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi tọ̀ mí wá. Ó jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ dún.

"Má sunkún mọ́," ó ní. "Àbá lásán ni. Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló ń sunkún àbá?"

Mo sọ fún un nígbà náà, gbogbo rẹ̀, kẹ́tùlù, ṣíbí, ọkọ̀, bàbá rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá ọmọ wa sọ. Kò dá ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ yẹn," ó ní nígbà tí mo parí, "mo wo ohun tí àwọn àwo kọ́kọ́ ń sọ. Mo rí i pé ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà. Mo ti mọ̀ láti ìgbà náà pé mo ti jẹ̀bi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí màá ṣe sọ fún ọ. Ìwọ nìkan lo bá mi gbà á gbọ́ nígbà tí mi ò ní ẹnì kankan. Mò ń rò ó bí mo ṣe ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rántí pé mo ní ọkọ̀."

"O sì ń fọ abọ́."

"Mò ń bẹ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ òní ni."

Mo fi apá aṣọ mi nu ojú. Mo ní, "O ṣì máa lọ rí ọmọ rẹ."

"Màá lọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Sọ fún un kó má pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Ó fi ìka lu orúnkún rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ṣírò nǹkan. "Dúró ná. Bó bá jẹ́ pé mo gbàgbé èènì lóòótọ́, èmi ni ǹ bá jàre lónìí."

"Ìwọ ni."

"Ṣé pé o jókòó sínú yàrá yẹn, o mọ èyí, o ń gbàdúrà kí n jẹ̀bi ni?"

"Mo gbà á títí ó fi gbà."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi àtẹ̀gùn mú, àwọn tó wà nínú yàrá ìpàdé sì yọjú wò wá, wọ́n tún padà wọlé.

"Nínú gbogbo àwọn tó ti bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "kò sí ẹni tó fẹ́ kí n jẹ̀bi tó ìwọ."

"Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ tó mi nínú wọn náà," ni mo dá a lóhùn.